Mazurka Chopin: kí ló ń sọ ọ́ di waltz lábẹ́ ọwọ́ wa?

TeníPíánò:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Mazurka mẹ́ta tí Chopin, ọmọ Pólándì tó ń kọ orin píánò, kọ ló wà nílẹ̀ báyìí (Op. ni nọ́ńbà ìwé orin rẹ̀): Op. 7 No. 1 ní B♭ major, Op. 17 No. 4 ní A minor, àti Op. 24 No. 2 ní C major. Nóòtù wọn kò le púpọ̀, ọwọ́ ti ń mọ̀ wọ́n. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ a ní waltz, ijó oníbítì mẹ́ta mìíràn, ni. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo gbé wá.

Èkíní, bítì wo gan-an ló yẹ kó wúwo? Àwọn kan ní ìkejì, àwọn kan ní ìkẹta. Èkejì, ìwé orin kọ Lento (lọ́ra) sórí Op. 17 No. 4, ó sì tún kọ 152 síbẹ̀ fún métírónòmù, ẹ̀rọ tó ń ka bítì: bítì 152 ní ìṣẹ́jú kan. Báwo ni méjèèjì ṣe fẹ́ bára mu? Ẹ̀kẹta, níbi tí Op. 7 No. 1 ti di sotto voce (ohùn jẹ́jẹ́), ìwé ní kí ẹsẹ̀ má kúrò lórí pẹ́dààlì. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ra.

BàbáKọ́ọ̀dù:
Tení, ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, nítorí mazurka kì í ṣe ijó kan ṣoṣo. Ijó Pólándì mẹ́ta ni Chopin kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ yẹn: mazur, kujawiak àti oberek. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní bítì mẹ́ta nínú báà (ìpín orin) kan, ṣùgbọ́n ìrìn wọn kò jọra.

Mazur wá láti Mazowsze, agbègbè tó yí Warsaw ká. Agídí wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin á fò, á fi gìgísẹ̀ kan gbá èkejì kó tó balẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ kì í jókòó síbì kan: ó lè wà lórí bítì kejì nísinsìnyí, kó fò sórí ìkẹta ní báà tó tẹ̀ lé e. Kujawiak, ti agbègbè Kujawy, ló lọ́ra jù nínú wọn. Ó máa ń fà bí orin ẹnu, kì í fipá tẹ nǹkan kan. Oberek ló yára jù. Ọkùnrin àti obìnrin á dira mú, wọn á máa yí bírí bírí, ẹni tó ń wò ó kò ní rí bítì mẹ́ta mọ́, báà odindi ló máa rí.

Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé bítì kìn-ín-ní ni wọ́n sábà máa ń gé wẹ́wẹ́, sí nóòtù kúkúrú méjì tàbí mẹ́ta, tí ìkejì àti ìkẹta á sì gùn. Ibi tí nóòtù gígùn bá wà, ibẹ̀ ni etí máa ń gbà pé ẹsẹ̀ ti tẹlẹ̀. Ti waltz kò rí bẹ́ẹ̀, bítì kìn-ín-ní ló ń gbé ìyókù rù.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan píánò, mú pẹ́ńsùlù, kí o pín orin náà sí báà mẹ́rin mẹ́rin tàbí mẹ́jọ mẹ́jọ. Ní apá kọ̀ọ̀kan, wá nóòtù tó gùn jù nínú báà, wá àmì ìtẹ̀ (>) tí Chopin fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kí o sì wo orí bítì tí gbólóhùn orin parí sí. Gbólóhùn mazur sábà máa ń parí lórí bítì kejì tàbí ìkẹta. Bí o bá ń sáré kọjá ibẹ̀ lọ fi agbára balẹ̀ sórí bítì kìn-ín-ní tó ń bọ̀, waltz ti wọlé nìyẹn.

Àdùkẹ́_Dùrù:
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan tì í lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló mọ bítì tó yẹ kó wúwo, àmọ́ ariwo ni wọ́n fi ń mú un wúwo. Wọ́n á gbọ́ pé bítì kejì ni, wọ́n á wá máa gbá a gbì gbì ní gbogbo báà láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀. Èmi fara mọ́ waltz jù ú lọ.

Lórí píánò, nóòtù lè wúwo nítorí pé ó gùn ju bó ṣe wà nínú ìwé, tàbí nítorí pé ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dún, tàbí nítorí pé ó dún sókè. Dídún sókè ni kó kẹ́yìn nínú wọn. Gbìyànjú èyí: tẹ báà mẹ́jọ àkọ́kọ́ ní pianissimo (jẹ́jẹ́ gan-an), láìjẹ́ kí nóòtù kan dún ju ìkejì lọ, kí o sì rí i pé ẹni tó ń gbọ́ ṣì lè fọwọ́ hàn ọ́ níbi tí ìwúwo wà. Bí kò bá lè fi hàn ọ́, a jẹ́ pé ariwo lo gbára lé látẹ̀yìnwá.

Ohun kejì ni nóòtù oní-dọ́ọ̀tì. Nóòtù kékeré tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin bítì. Bí ọwọ́ bá ti ń rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa ń dà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, gbogbo agídí mazur á sì tú. Ó tiẹ̀ sàn kó kúrú ju bó ṣe wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kíyè sí i o: nínú Op. 6 No. 1, Chopin mọ̀ọ́mọ̀ kọ nóòtù mẹ́ta sórí bítì kan. Bí o bá ń tẹ méjèèjì bákan náà, kò sí ìdí tó fi kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

TeníPíánò:
Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé, Àǹtí. Ó kù síbì kan: bí mo bá fa bítì kejì gùn, báà á di bítì mẹ́rin. Ṣé kì í ṣe pé mo ti ṣi kíkà nìyẹn?

Láńre88:
Ọ̀rọ̀ yẹn dá ìjà sílẹ̀ nígbà ayé Chopin gan-an 😂. Ní 1842, Wilhelm von Lenz, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó wá láti Rọ́ṣíà, ń tẹ Op. 33 tó wà ní C major níwájú rẹ̀ ní Párísì. Ni Meyerbeer, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká tó ń kọ opera, bá wọlé, ó ní bítì méjì ni òun ń gbọ́. Chopin ní mẹ́ta ni. Ó ní kí Lenz tún un tẹ̀, ó ka bítì sókè, ó jókòó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀. Meyerbeer kò yí ohùn padà. Inú bí Chopin gidi. Charles Hallé, olùtẹ píánò, náà sọ fún Chopin nígbà kan pé mẹ́rin ni òun ń kà níbi tí ìwé ti kọ mẹ́ta. Chopin kọ́kọ́ jiyàn. Ìgbà tí Hallé mú un kà á sókè, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní bí ijó ìlú òun ṣe rí nìyẹn.

Etí Meyerbeer kì í ṣe etí ọmọdé, ti Hallé náà kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà bítì inú mazurka kò dọ́gba, kò sì yẹ kó dọ́gba. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí báà tó ń bọ̀ má pẹ́ dé.

Àdùkẹ́_Dùrù:
Ìdí rèé tí mo fi máa ń ní kí wọ́n fi métírónòmù sí ẹ̀ẹ̀kan péré nínú báà. Bí o bá fẹ́ 126 fún bítì, 42 ni kí o yí i sí, kó máa dún lórí bítì kìn-ín-ní nìkan. Láàrin ẹ̀ẹ̀kan sí èkejì, ìwọ lo ni ibẹ̀. Fa bítì kejì, kí o sì gba àkókò náà padà lọ́wọ́ ìkẹta. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ òsì nìkan. Ẹni tó bá ti ń pẹ́ dé bítì kìn-ín-ní, ó ń yá owó láìsan án padà nìyẹn.

BàbáKọ́ọ̀dù:
Ó ku ọwọ́ òsì. Chopin máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ọwọ́ òsì ni olùdarí orin. Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ́ dùndún á tètè yé: gúdúgúdú kì í kúrò lójú ọ̀nà, ìyá ìlù ló ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú lórí rẹ̀. Bí ọwọ́ méjèèjì bá jọ fà, tí wọ́n sì jọ sáré, kì í ṣe rubato (yíyá àkókò àti sísan án padà) mọ́, orin náà kàn ń mì ni.

Níbi tí mo ti yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí Àdùkẹ́ sọ: nínú mazurka, ọwọ́ òsì fúnra rẹ̀ máa ń tẹ̀, bítì inú rẹ̀ kì í dọ́gba bíi ti Nocturne, orin alẹ́ tí Chopin náà kọ. Ọ̀nà tó fi ń tẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yí padà láti báà dé báà nínú apá kan náà.

Àdùkẹ́_Dùrù:
Mo gbà, Bàbá.

Ọlọ́wọ́Gígùn:
Lórí 152 yẹn o, ẹ jọ̀ọ́. Lento ma non troppo (lọ́ra, àmọ́ má ṣe é jù) ni Chopin kọ sórí Op. 17 No. 4. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ní 152 á gé orí àwọn ọ̀wọ́ nóòtù kékeré tó wà nínú ọwọ́ ọ̀tún, wọn á há mọ́ra. Mi ò gbà á gbọ́. Ó lè jẹ́ pé métírónòmù rẹ̀ ló bàjẹ́.

Láńre88:
Kò bàjẹ́. Nínú Op. 24 No. 1, Lento náà ló kọ, ó sì fi 108 sí i. Ẹni tó mọ 108 mọ 152. Lento nínú ìwé rẹ̀ ń sọ bí orin ṣe ń mí, nọ́ńbà ń sọ bí bítì ṣe ń lọ. Ní 152, báà kan ń lọ bíi 51 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn sì jẹ́ ìrìn jẹ́jẹ́ bí o bá ń gbọ́ báà dípò bítì. Àwọn kọ́ọ̀dù ọwọ́ òsì tó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ kò ní ìtumọ̀ bí ìkọ̀ọ̀kan wọn bá ń dún bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn.

Ẹ tún rántí pé kò pẹ́ lẹ́yìn Op. 24 tó fi dáwọ́ métírónòmù dúró pátápátá. Bí nọ́ńbà kò bá ṣe pàtàkì sí i ní 1834 tí Op. 17 jáde, kì bá tí kọ ọ́.

Ọlọ́wọ́Gígùn:
Òótọ́ ni, àmọ́ píánò ìgbà yẹn ń tètè dákẹ́. Kíì tí ìka ń tẹ̀ lára rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò wúwo bíi tòní. Nọ́ńbà tó bá Pleyel, irú píánò tí Chopin lò, mu lè má bá Steinway òde òní mu.

BàbáKọ́ọ̀dù:
Ẹ̀yin méjèèjì ló ní ẹ̀rí. Tení, bẹ̀rẹ̀ láti 112, kí o gbé e lọ sí 126. Ọ̀wọ́ nóòtù kékeré ni kí o fi díwọ̀n: bí o bá lè fi ẹnu kọ wọ́n láìsáré, o ti dé ibi tó yẹ. Má pín wọn dọ́gba sórí bítì. Àwọn àkọ́kọ́ á lọ́ra, àwọn àárín á fẹ́lẹ́, àwọn ìgbẹ̀yìn á tún rọra dúró, ọwọ́ òsì kò sì ní dúró dè wọ́n.

Ìbẹ̀rẹ̀ Op. 17 No. 4 náà gba àfiyèsí. Báà mẹ́rin, kọ́ọ̀dù olóhùn mẹ́ta, A wà nísàlẹ̀, F wà lókè, ohùn àárín ń gòkè láti B sí C sí D. Ohùn àárín yẹn nìkan ló ń rìn, òun ni kí etí gbọ́. Àtàǹpàkò ni ọ̀pọ̀ fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ kíì tí orin yìí wà (bóyá A minor ni tàbí òmíràn) títí orin fi wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe parí: báà mẹ́rin kan náà, ó sì dúró sórí A, C àti F, láìpadà sí A minor. Perdendosi (kó máa parẹ́ lọ) ló kọ síbẹ̀. Má wá ọ̀nà láti jẹ́ kó dún bí òpin. Má fà á, má tẹ̀ ẹ́. Gbọ́wọ́ kúrò.

TeníPíánò:
Pẹ́dààlì ńkọ́?

Àdùkẹ́_Dùrù:
Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Níbi tí Op. 7 No. 1 ti di sotto voce, ọwọ́ òsì kò kúrò lórí G♭ àti D♭, ọwọ́ ọ̀tún sì ń kọ orin tó ní E♮ lókè wọn. Ohùn àwọn olórin abúlé ló ń fà wá: basy, ohun èlò olókùn tó dà bíi cello, àti dudy, fèrè aláwọ. Ohùn kan ló máa ń dúró sójú kan nísàlẹ̀, orin á máa lọ lókè, bó bá forí gbárí ó forí gbárí. Chopin ti gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ní 1824 àti 1825 ó lo ìsinmi rẹ̀ ní abúlé Szafarnia. Nítorí náà dídàrú tí o ń gbọ́ yẹn, ó fẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Lórí Pleyel rẹ̀, ohùn á ti máa kú kí báà kejì tó dé. Lórí píánò òde òní, ó ń kó jọ ni. Ohun tí ó ṣeé ṣe:

Tẹ pẹ́dààlì òsì pẹ̀lú ti ọ̀tún. Jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ dún díẹ̀ ju ti òkè lọ níbi tó ti wọlé, kí ó sì máa rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn báà méjì, gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ìdajì, má gbé e tán. Ohùn òkè á fẹ́lẹ́, ti ìsàlẹ̀ á ṣẹ́ kù. Ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé kíì kò ní kan ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ipá. Bí píánò rẹ bá jẹ́ grand tó ní pẹ́dààlì àárín tó ń di nóòtù mú, o lè fi mú G♭ àti D♭ nìkan. Àmọ́ ṣọ́ra: lára ọ̀pọ̀ píánò adúróṣánṣán, aṣọ ni pẹ́dààlì àárín ń sọ̀ kalẹ̀ sáàrin òòlù àti okùn kí ohùn má baà dà àwọn aládùúgbò láàmú. Kò ní di nóòtù kankan mú fún ọ.

Ṣọlá_Kíìbọ́ọ̀dù:
Àǹtí, àwa tí a ń lo kíìbọ́ọ̀dù oníná ńkọ́? Ẹsẹ̀ mi lórí ìdajì tàbí kó tẹlẹ̀, ìkan náà ló ń dún.

Àdùkẹ́_Dùrù:
Pẹ́dààlì tó kéré tó dà bíi páálí kékeré yẹn, bíi ìtanná ló rí: ó tàn tàbí ó kú. Èyí tó mọ ìdajì wà lọ́tọ̀, àmọ́ kíìbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kà. Wo ìwé rẹ̀ bóyá half-pedal wà níbẹ̀ kó o tó náwó. Bí kò bá sí, fi ìka di ohùn ìsàlẹ̀ mú níbi tí o bá ti lè dì í, kí o sì máa yí pẹ́dààlì padà ní báà méjì méjì.

Ní ìyókù mazurka, òfin pẹ́dààlì rọrùn: tẹ̀ ẹ́ lórí bítì kìn-ín-ní, gbé e kúrò kí bítì tó wúwo tó dún. Bí pẹ́dààlì bá wà nílẹ̀ títí dé òpin báà, kò sí bí bítì kejì ṣe lè dá dúró. Ibẹ̀ gan-an ni waltz ti ń wọlé fún ìdajì àwọn tó ń béèrè irú ìbéèrè yìí.

Láńre88:
Lórí Op. 24 No. 2: bí ẹ bá dé apá tó wà ní F, B♮ ni gbogbo rẹ̀, kì í ṣe B♭. Ẹ má tún un ṣe o. Lydian ni, irú àtẹ ohùn kan tí ohùn kẹrin rẹ̀ ga sókè, ó sì wọ́pọ̀ nínú orin abúlé Pólándì. Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ á rò pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Àárín Op. 68 No. 3 náà bẹ́ẹ̀ ni: B♭ àti F dúró nísàlẹ̀, E♮ ń rìn lókè. Tí o bá fẹ́ gbọ́ abúlé láìsí aṣọ ìlú lára rẹ̀, ibẹ̀ ni kó o lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ Op. 24 No. 2, níbi tí kọ́ọ̀dù C àti G ti ń paarọ̀ ara wọn, kò nílò ìtumọ̀ kankan. Tẹ̀ ẹ́ dọ́gba, bí ẹni tó ń tún ohùn fàólì ṣe.

Ọlọ́wọ́Gígùn:
Síbẹ̀ náà, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọmọ Pólándì nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ gbọ́ Ignaz Friedman, olùtẹ píánò, ọmọ Podgórze lẹ́bàá Kraków. Bítì kejì rẹ̀ ń fò.

Láńre88:
Friedman kò ní ẹlẹ́gbẹ́, n kò jiyàn. Àmọ́ nínú ìdíje Chopin ní Warsaw, níbi tí Rédíò Pólándì ti ń fún ẹni tó tẹ mazurka jù lọ ní ẹ̀bùn láti 1927, Fou Ts'ong ọmọ Ṣáínà ló gbà á ní 1955. Rubinstein, olùtẹ píánò tó jẹ́ ọmọ Pólándì, náà sì gba àwọn mazurka sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, láàrin 1938 sí 1966, ìkọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ sí èkejì. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ti Pólándì?

Ṣọlá_Kíìbọ́ọ̀dù:
Ṣé mazurka mìíràn wà tó rọrùn ju ti Chopin lọ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀?

BàbáKọ́ọ̀dù:
Wá Maria Szymanowska. Wọ́n bí i ní Warsaw ní 1789, ó kú ní St. Petersburg ní 1831. Mazurka 24 ló kọ, kúkúrú ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ojú ìwé kan lọ, wọ́n sì ṣeé jó. Ìrìn mazur wà níbẹ̀ láìsí gbogbo ìlọ́po tí Chopin fi bò ó. Nínú ti Chopin fúnra rẹ̀, Op. 68 No. 2 ní A minor ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, 1827 ló kọ ọ́; Op. 67 No. 4 lè tẹ̀ lé e. Má fọwọ́ kan ti Karol Szymanowski ná. Op. 50 rẹ̀, mazurka 20, ti 1924 àti 1925 ni, ó da orin àwọn ará òkè Tatra mọ́ mazurka, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń kọ́ bítì.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rí bí ọmọ Yorùbá ṣe gbé ìlù wa dé orí píánò, kó wá iṣẹ́ Akin Euba, ohun tó pè ní African pianism. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

TeníPíánò:
Mo dúpẹ́ gan-an. Mo wá Op. 33 tí Ẹ̀gbọ́n Láńre mẹ́nu bà. No. 2 inú ìwé mi wà ní D major, ti ẹlòmíràn sì wà ní C major. Èwo ni Meyerbeer gbọ́?

Láńre88:
C major ni. Ìwé méjèèjì tọ̀nà, ètò wọn ló yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, D major ni No. 2, C major ni No. 3. Nínú Wydanie Narodowe, ìtẹ̀jáde orin Chopin ti orílẹ̀-èdè Pólándì tí Jan Ekier darí, wọ́n yí i padà: C major di No. 2, D major di No. 3. Op. 41 náà ní ìṣòro yìí: C♯ minor ni No. 1 nínú ìwé àtijọ́, No. 4 ló dà nínú ti Ekier, E minor sì gba ipò No. 1. Bí o bá ń kọ orúkọ orin sílẹ̀ fún ìdánwò tàbí ìdíje, kọ kíì rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà.